Ìwé Ìwọlé sí Ààfin

Dílmáyà Tàmáng ra ìwé ìwọlé méjì,
ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún Súntalí ọmọ ọmọ rẹ̀.
Wọ́n ní kó fi àpò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.
Ó fi àpò sílẹ̀. Kò fi ẹnu sílẹ̀.

"Nígbà tèmi, ẹsẹ̀ tálákà kì í dé ibí,
àfi tó bá ru bíríkì."
Òun náà ru ú, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
lọ́dún tí wọ́n tún odi ṣe:
amọ̀ ní èékánná, èéfín nínú ikọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Katmandú ti kọ ohun tó fà á sínú ìwé ńlá.
Dílmáyà ní iyọ̀ ni.
Iyọ̀ tó fi ọjọ́ mẹ́rin gun òkè lẹ́yìn ènìyàn,
tó dé abúlé, tó di wúrà.
Ó ní ogun inú igbó ni:
sọ́jà lọ́sàn-án, ọlọ̀tẹ̀ lóru,
ìrẹsì inú ìkòkò kan náà làwọn méjèèjì ń béèrè.
Ó ní Sántabìr àbúrò òun ni,
tí wọ́n mú lọ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan
tí ẹnikẹ́ni kò ṣẹ́gun.
Lẹ́yìn náà lọ́ba ní òun nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀.
Ó ti ilé ìgbìmọ̀ pa, ó gé fóònù,
ó gbàgbé pé ebi kì í lo wáyà.

Kábíyèsí: ká bi ọ́ kò sí.
Lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n ní òrìṣà ló gbé àwọ̀ ọba wọ̀,
òrìṣà kì í sì í gba ìbéèrè, ẹbọ ló ń gbà.
Ṣùgbọ́n bó bá jẹ ẹbọ tán tó tún ń jẹ ọmọ arúbọ,
arúbọ á na ọwọ́, á kan òrìṣà lórí kó, kó-kó,
á fetí sí i bóyá igi ni.

Oṣù kẹrin. Ìjọba ní kónílé-ó-gbélé.
"Ta ló nílé?" ni Dílmáyà wí, ó sì jáde.
Wọ́n jáde ní Kalánkì, wọ́n jáde ní Góngabù,
tísà, nọ́ọ̀sì, agbẹjọ́rò nínú kóòtù dúdú,
àwọn tó ń fọ abọ́ nílé olówó
gbé abọ́ náà jáde, wọ́n ń lù ú.
Ọta bá ọmọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́.
Ó ṣubú; táyà ẹ̀yìn ṣì ń yí.
Dílmáyà kò mọ orúkọ rẹ̀.
Táyà yẹn ló ń rántí.

Nígbà tó yá, ọba lọ.
Ó gbé adé kalẹ̀ bí ẹni dá abọ́ alábọ́ padà.
Wọ́n yọ ojú rẹ̀ kúrò lára owó,
wọ́n fi òkè oníyìnyín rọ́pò.
Owó kò tìtorí ìyẹn pọ̀ lápò ẹnikẹ́ni.
Àwọn olórí tuntun ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn,
àga kan náà, ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.
Bírkhà, bàbá Súntalí, wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Dóhà,
ó ru bíríkì fún ọba ẹlòmíràn,
ó padà nínú àpótí
pẹ̀lú bébà tó ní oorun ló sùn tí kò jí.

Nínú gbọ̀ngàn ìtẹ́, ọmọ náà tọ́ka:
"Ta ló ń jókòó síbẹ̀?"
"Ẹni tí a kò gbọdọ̀ bi léèrè."
"Kí ló dé?"
Dílmáyà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́.
Ẹ̀ṣọ́ ní kí wọ́n dákẹ́. Wọn ò dákẹ́.

Níta, ó fọwọ́ gbá odi, ó tún gbá a níwájú díẹ̀,
bí ẹni ń wá ẹnìkan nínú ilé.
Lẹ́yìn náà wọ́n gba àpò wọn.
Súntalí mú ṣéńjì dání:
òkè kékeré kan lórí bébà,
ó ti ń ya létí.