Ọkọ̀ Inú Àwòrán

Òjò ò dá ní Ancud láti àárọ̀ Sátidé,
Millaray, ọmọ ọmọ mi, ń sunkún sinimá
àfi bí ẹni pé ojú rẹ̀ ló ń rọ òjò ọ̀hún.
Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, mo ra gúgúrú,
mo jókòó láàrin àwọn ìyá àti àwọn ìkókó,
èmi nìkan ni irùngbọ̀n wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ tinú mi:
òkun inú àwòrán náà ti búlúù jù.
Ogójì ọdún ni mo fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe,
òkun tèmi a máa rí bí omi tí a fi fọ ìkòkò.
Wọ́n ní afẹ́fẹ́ sá kúrò ní etíkun kan,
ìgbòkun rọ wọ̀ọ̀ bí etí ajá tó ń ṣàìsàn,
ni bàbá kan bá kó ọmọ mẹ́ta sínú ọkọ̀,
wọ́n ń wá afẹ́fẹ́ lọ.
Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìtàn ò burú.
Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ wọn bí a ṣe ń ta okùn?
Kókó tí ọmọbìnrin yẹn ta sí ìdí òpó,
ìgbì kékeré kan á tú u kí o tó wúkọ́.
Ìjì jà, ìjì jà, aṣọ ẹnì kankan ò tutù!
Pẹ́pẹ́yẹ kan sì wà níbẹ̀ tí kì í pa ẹnu dé,
ó sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ó wá ń sọ èyí tó ti sọ.
Bó bá jẹ́ inú ọkọ̀ tiwa ni, a ò bá ti sè é lọ́jọ́ kejì.
Àti olè tó jí oúnjẹ wọn kó:
omijé ọmọdé kan péré, ó ti di ènìyàn rere.
Mo mọ ẹni tó jí àwọ̀n mi lọ́dún náà lọ́hùn-ún,
àwa méjèèjì ti darúgbó, kò tíì kí mi.

Mo ti fẹ́ tòògbé.

Ìgbà náà ni kùrukùru bo ọkọ̀ inú àwòrán.
Pẹ́pẹ́yẹ dákẹ́. Orin dákẹ́.
Àbíkẹ́yìn bèèrè pé, "Bàbá, ibo la kọjú sí?"
Bàbá wo kọ́ńpáàsì, ó tún un wò, ó fi í sápò.
Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, n ò mọ̀nà."
Ó jókòó sílẹ̀ láàrin wọn.
Kò sí idà, kò sí idán.
Àwọn tó ya àwòrán náà jẹ́ kí ó pẹ́ bẹ́ẹ̀,
èèyàn mẹ́rin nínú funfun, omi ń lá ara ọkọ̀.

Gúgúrú há mi lọ́fun.

Arnoldo ọmọ mi bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí,
ọdún tí ìyá rẹ̀ kú, ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá:
"Bàbá, báwo la ó ṣe máa ṣe é báyìí?"
Mo ní kí ó lọ la igi.
Ó la igi títí igi ilé fi tán,
nígbà tó yá ó bá ọkọ̀ lọ sí Punta Arenas.
Ọmọ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí mi, kò fi ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó,
bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i.
Millaray ti sùn lọ,
ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, iyọ̀ gúgúrú ní àgbọ̀n.
Ẹni tí wọ́n ya àwòrán fún ò rí i;
ẹni tí wọn ò ní lọ́kàn ló ń fi apá ẹ̀wù nujú.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí,
màá ní: ẹ ta pẹ́pẹ́yẹ, ẹ ra okùn gidi,
ẹ jẹ́ kí òjò pa wọ́n díẹ̀.
Kùrukùru yẹn nìkan ni kí ẹ má fọwọ́ kàn.

A jáde. Òjò ò tíì dá.
Millaray di ìka mi mú, oorun ṣì wà lójú rẹ̀:
"Bàbá àgbà, kí ló dé tí afẹ́fẹ́ fi sá nílé?"
Mo ti la ẹnu, irọ́ àgbà ti dé orí ahọ́n.
Mo ní, "N ò mọ̀."
Ó wo ojú mi bí ẹni rí ohun tuntun.
"Èmi náà ò mọ̀," ó ní,
a sì jọ rìn lọ nínú ẹrẹ̀.