Ohun Tí Téèpù Màmá Mi Wọ̀n

Ní Bádéku ni ásù iwájú ti kán,
irin tó di táyà méjèèjì mú.
Kò pariwo. Ó kàn dún "kọ̀ọ́" lẹ́ẹ̀kan,
bí eyín àgbàlagbà lórí eegun ẹran,
Lándírófà bàbá mi sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀
bí ẹni tó ní òun ò lọ síbi kankan mọ́.

A fi katakata wọ́ ọ dé Olúńlòyò.
Àjàgbé dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ kó tó jáde.
Ó ní, "Gíábọ́ọ̀sì náà ti ń purọ́ fún ẹ látọjọ́ yìí.
Gíà kejì ò léyín mọ́, ìtìjú nìkan ló fi ń dì mú."
Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò,
ó ní kí n wá owó, kí n sì wá ọkàn.

Àràròmí, ní Géètì, lówùúrọ̀ Ọjọ́rú.
Irin lórí irin. Irin tó ti rí òkun,
irin tí òjò ìlú mìíràn ti pa kó tó di tiwa.
Àwọn ọmọ tó ń fi bẹntiróòlù fọ bẹ́ríǹ
ò gbójú sókè wò wá.
Mo mú téèpù tí màmá mi fi ń ránṣọ lọ,
torí Àjàgbé ní ojú lásán kì í wọn ásù:
"Tó bá fi ìka mẹ́rin péré fẹ̀ ju ti àná lọ,
táyà á máa họ féńdà bí ajá tí eégbọn ń jẹ."

Àlàájà Mùìbátù to mẹ́ta sílẹ̀ fún wa.
Àkọ́kọ́, ọmọ ìyá tiwa gan-an, ti Lándírófà;
wẹ́dà ti jó o lẹ́ẹ̀mejì,
àpá rẹ̀ wú bí àpá àjẹsára lápá àwọn ẹ̀gbọ́n wa.
Ìkejì, tòkúnbọ̀, ó nípọn, ó ń dán,
kò sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ tí wọ́n tú u lára rẹ̀.
Orí dífà rẹ̀ wà lósì, tiwa wà lọ́tùn-ún,
tọkọtaya tó kẹ̀yìn síra lórí ẹní kan.
"A ó gé e," ni ọmọ Àlàájà wí, "a ó tún un jó."
Àjàgbé ò dáhùn. Ó tutọ́.
Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ n má sọ̀rọ̀ ẹ̀kẹta. A kì í bú òkú.

Gíábọ́ọ̀sì tó bá ìkejì rìn ní gíà márùn-ún.
Mo fọwọ́ lé e. Ó tutù.
Mo rí ara mi lójú títì márosẹ̀, fèrèsé ṣí sílẹ̀,
afẹ́fẹ́ Òjóò ń gbá mi létí...
Àjàgbé ní, "Sé o rí i, ibo lò ń lọ?"
Mo ní, Jágo.
"Ibo mìíràn?"
Mo dákẹ́. Jágo náà ni. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù,
láti wo igi kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀,
láti gbé àpò mẹ́ta, mẹ́rin,
la odò tí kò ní afárá.
"Gíà karùn-ún," ó ní, "ta lo fẹ́ fi hàn lọ́nà Jágo?"

Bàbá mi kì í sáré. Mo rántí ọwọ́ rẹ̀
lórí ọ̀pá gíà, bó ti ń rọra tì í,
bí ẹni tó ń sún ọmọ tó ti sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Mo ra ọmọ ìyá. Tòun tàpá rẹ̀ méjèèjì.
Gíábọ́ọ̀sì onígíà mẹ́rin, eyín rẹ̀ pé,
Àlàájà fi ìka tó lé làálì kà wọ́n lójú mi.
Ó yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ó ní
ọkọ òun náà wa irú ọkọ̀ yẹn rí,
kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò ẹ̀wù rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú.
Bóyá yóò tọ́jọ́, n ò mọ̀. Àjàgbé náà ò mọ̀.
Wọ́n gbé e sẹ́yìn Márúwá, Márúwá gbé imú sókè,
gbogbo Géètì bú sẹ́rìn-ín.

Nílé, màmá mi na téèpù rẹ̀ síwájú iná.
Ọ́ìlì dúdú ti pa ìnṣì méjìléláàádọ́ta rẹ́.
Ó wò mí tìtì. Ó ní,
"Ta ló nírú ìbàdí yìí ní Géètì?"