Ẹni Tí Ó Ń Bá A Ṣubú

Ní apá kìíní, Apáta-Ńrìn gbé afárá.
Mo wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, gúgúrú lórí itan mi,
nínú sinimá kan ní Albuquerque.
Ó gbé afárá pẹ̀lú àádọ́ta ọkọ̀ lórí rẹ̀,
kò làágùn, kò mí hẹlẹ,
ó tún ráyè fọwọ́ pa ajá ìyá arúgbó kan lórí.

Ní apá kejì, ilẹ̀kùn mọ́tò há, kò rí i ṣí.
Ilẹ̀kùn mọ́tò!
Olè mẹ́ta tí kò ní ju kóńdó lọ́wọ́
lù ú ní àlùbolẹ̀ lẹ́yìn ilé epo.
Mo yíjú sí bàbá mi nínú òkùnkùn:
"Papá, ṣebí òun náà ló gbé afárá?"

Eliseo Baca kò fèsì.
Ó ń wo aṣọ funfun ńlá náà
bí ẹni tó rí ẹ̀wù ara rẹ̀ lọ́rùn ẹlòmíràn.
Ẹ̀yìn tó ń balẹ̀ gbì yẹn, ẹ̀yìn bàbá mi ni.
Òṣèré ló ni ojú.
Ìṣubú, tiwa ni.

Páálí tí wọ́n kùn lọ́dà ni afárá,
àmọ́ okùn tó gbé bàbá mi sókè kì í ṣe páálí.
Ó já. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ.
Agbára akọni ń lọ, ó ń bọ̀,
bí odò Rio Grande lẹ́yìn ilé wa:
lóṣù karùn-ún ó kún dé etí,
lóṣù kẹsàn-án ajá ń là á kọjá, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò tutù.
Ṣùgbọ́n orúnkún kì í gbàgbé apá kìíní
nítorí pé wọ́n gba òǹkọ̀wé tuntun.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ata tútù ń ta wá lẹ́nu, ó ní,
"Marisela, bí agbára rẹ̀ bá pé,
ìtàn á parí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Kí ni wọn ó fi àádọ́rùn-ún tó kù ṣe?"
Mo ní kí wọ́n wá ọ̀tá tó tó o.
Bí ẹran igbó bá kéré,
ṣé ọwọ́ ọdẹ ni a ó gé kí ìjà lè dọ́gba?
Òkúta tó fọ́ orí erin lánàá,
ẹ̀pà ló wá ń bá wọ̀yá ìjà lónìí.

Apá kẹta: ó fò.
Ó kàn fò ni. Ìgbà wo ló kọ́ ọ? Ẹnikẹ́ni kò sọ.
Tamsin, tí a sin, tí mo sunkún fún dé ilé,
ó jókòó nídìí tábìlì, ó ń da kọfí,
akọni sì ní, "Ẹ káàárọ̀," bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Ní apá kẹrin, wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti máa ṣubú.
Ilé la ti wò ó. Akọni fi ọwọ́ kan ṣí òkè nídìí.
Bàbá mi fẹ́ dìde lọ mu omi.
Ó di apá àga mú, ó mí sínú, ó tún jókòó.
Mo ń wo òkè náà. Mi ò yíjú.
Lọ́jọ́ kejì, òun nìkan gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ
láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, ó ń súfèé.

Láti ìgbà náà, mi ò bínú sí ilẹ̀kùn mọ́tò mọ́.
Afárá ni mò ń rò:
lálẹ́ ọjọ́ tó gbé e, ta ló bá a bọ́ bàtà?

Ṣùgbọ́n fífò yẹn,
mi ò tíì dárí ẹ̀ jì wọ́n.