Àmọ́ Ẹrù Dà?

Nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Mọ́pà,
bí oníbàárà bá ti lọ tán,
mo máa ń gbé Píjó kan jáde láti inú páálí bàtà.
Gígùn rẹ̀ kò ju ọrùn ọwọ́ mi dé orí ìka.
Àbúrò mi Jẹ́mirin ló fi í ránṣẹ́ láti òkè òkun, ní wẹ́wẹ́,
ọgọ́rin ègé àti ìwé kan tí n kò gbọ́ èdè rẹ̀.
Mo tò ó. Mo kùn ún ní àwọ̀ ewé kọfí tó gbó.
Mo gbé e sórí gíláàsì, mo tẹ̀ ba, mo fi ojú kan wo ìdúró rẹ̀.
Ó dúró ṣánṣán bí ọmọ ilé-ìwé lọ́jọ́ àyẹ̀wò èékánná.
Irọ́ ni.

Píjó bàbá mi kì í dúró báyẹn.
Ìdí rẹ̀ a máa wọ́lẹ̀:
iṣu Àyétòrò, kọfí Ògìdì,
obìnrin mẹ́jọ níbi tó yẹ kí mẹ́fà jókòó,
òbúkọ kan lórí tó ń wo ọ̀nà bí ẹni tó san owó ọkọ̀.
Imú a wá gbé sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń gbóòórùn òjò.
Kí a tó rí àwọ̀ rẹ̀, kí a tó gbọ́ fèrè,
ìdúró yẹn la fi ń mọ̀ pé
Mẹ́dùpin ló ń bọ̀ láti Kàbà.

Nítorí náà mo tú u.
Mo fi fáìlì gbé ihò àsìlì ẹ̀yìn ga sí i.
Bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyẹn:
ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò gbé sókè.
Mílímítà kan. Kò tó.
Méjì. Táyà ń ha abẹ́ fẹ́ńdà.
Ẹ má fojú kéré ìdajì mílímítà o,
òun ló wà láàárín ọkọ̀ tó gbẹ́rù àti ọkọ̀ tó bàjẹ́.
Mo fa táyà síta, ó tó irun orí méjì.
Mo jẹ́ kí òsì relẹ̀ díẹ̀ sí i,
torí òsì ni bàbá mi máa ń jókòó, ó sì sanra.
Gúlúù gbẹ. Mo mí kanlẹ̀.

Ìyá mi wọlé, ó wá gba ṣájà rẹ̀.
Òkun o. Òkun o.
Ó bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún, ó di ojú kan.
"Òun ni," ló wí. Ó tún wò ó.
"Àmọ́ ẹrù dà?"
Ẹrù wo?
"Tí a bá ti já ẹrù tán lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ̀ náà máa ń dìde ni.
Ẹ ti sùn nígbà yẹn. Èmi ni mo máa ń gbọ́ ọ,
híìn, bí ẹni tó bọ́ bàtà tó fún un lẹ́sẹ̀.
Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ tó dìde."

N kò mọ̀.
Gbogbo ọdún wọ̀nyí, n kò mọ̀.

Mo fi abẹ já gúlúù.
Mo tú bírò méjì, mo yọ sípíríngì inú wọn,
mo gé e kúrú. Ti ọ̀tún le jù, mo tún un gé.
Ti òsì ta mọ́ mi lọ́wọ́, ó kó sábẹ́ àga,
iná ọba sì lọ, fóònù oníbàárà la fi wá a.

Ó ti dúró ṣánṣán báyìí, lórí gíláàsì.
Ìyá mi ṣa bátìrì fóònù tó ti kú nínú agolo mi,
ó ń tò wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ wọn:
"Iṣu. Kọfí. Ìyá Ọbajẹmu pẹ̀lú àpò rẹ̀. Òbúkọ burúkú yẹn."
Ìdí ń wálẹ̀, imú ń gbé.
Ní ìkeje, ó débẹ̀.

A kò sọ̀rọ̀.
Tírélà kan kọjá lójú títì, gíláàsì gbọ̀n,
Píjó náà mì díẹ̀, ó tún jókòó.
Ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù.