Kásẹ́ẹ̀tì Kejìdínlógún

Bàbá rẹ̀ ta aṣọ àwìn dé Bídà,
ó lóṣòó síwájú ilé onígbèsè
títí òòrùn fi yẹ̀ lórí, títí owó fi jáde.
Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò ta aṣọ.
Ìbírónkẹ́ Agúnbíadé, ọ̀rọ̀ ló ń sìn.

Èmi ni mo gbé rẹ́kọ́dà tẹ̀ lé e
káàkiri Iléṣà, Ìjòkà, Òkè-Ọmọ́fẹ̀,
bátìrì mẹ́fà, gúgúrú nínú láílọ́ọ̀nù,
ọmọ ogún ọdún tí oorun ń kùn.
Dókítà ká ìró sí orúnkún,
ó lóṣòó tì àwọn ìyá tó ń hun kíjìpá:
"Kí lẹ ń pe igi yìí?
Èyí tó ń ya òwú sọ́tọ̀ ńkọ́?"
Bí wọ́n bá ní ó di ọ̀la, kò ní dìde.

"Kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ," àgbà ló wí bẹ́ẹ̀.
Ó kọ irínwó ojú-ìwé láti bi àgbà léèrè:
ta ló hun ún?
Ta ló fi àtùpà wá ojú òwú nígbà tí ọmọ sùn?
Ẹni tó rà á, tó fi bora, tó ń hanrun,
ṣé òun kọ́ lọ̀lẹ?

Ní Ifẹ̀, wọ́n fi bírò pupa wọ́ "ulé" nù,
wọ́n kọ "ilé" sórí rẹ̀.
Ó dá ìwé padà: "Ulé ni wọ́n bí mi sí.
Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ilé, ẹ kú ilé."
Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi dá oyè náà dúró.
Ó lóṣòó.

Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ka oyè rẹ̀ títí omi fi gbẹ lẹ́nu wọn.
Kásẹ́ẹ̀tì kejìdínlógún ni èmi ń rò:
ohùn Ìyá Ìsọ̀nà, ọ̀sán kan gbáko,
tí mo gba bọ́ọ̀lù rédíò lé lórí,
bọ́ọ̀lù tí a tilẹ̀ pàdánù.
Orúkọ òwú tó já tí a tún so wà níbẹ̀.
Ìyá náà kò rí oṣù tó tẹ̀ lé e.

Mo jẹ́wọ́. Dókítà wò mí.
Ó kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé rẹ̀,
ó fi àlàfo sílẹ̀ níwájú rẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́.

Kò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi rí.
Ṣùgbọ́n bí bọ́tìnì ẹ̀wù mi bá já,
tí òwú sì já mọ́ mi lọ́wọ́ bí mo ṣe ń rán an,
màá la ẹnu
bí ẹni tó fẹ́ pe nǹkan.