Apá Kejì

Oṣù méje ni Ráṣákì fi ń lérí pé ó ń bọ̀.
Ó lẹ àwòrán Alábẹ̀bẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mákùn,
abẹ̀bẹ̀ irin kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lósì,
afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ẹ̀wù ń fò.

Télọ̀ ni mí. Ẹ̀wù yẹn ni mo kọ́kọ́ wò.
Ẹni tó rán an mọṣẹ́, ẹ jẹ́ á sòótọ́:
aláró dúdú, ìṣẹ́tí rẹ̀ gún régé,
bí obìnrin náà bá fò sókè, aṣọ á dúró díẹ̀,
á rò ó wò, kó tó tẹ̀lé e.
Nínú apá kìíní, bí páálí ló rí lára rẹ̀,
bí aṣọ tí sítáàṣì ti jẹ níyà.

Ìjà ńkọ́? Háà!
Ó yí lẹ́ẹ̀kan, abẹ̀bẹ̀ ṣí, fẹ̀ẹ̀,
eegun irin mẹ́tàdínlógún là bí ìrù ọ̀kín.
Ó gba ọ̀bẹ níwájú, ó fi gìgísẹ̀ dá ti ẹ̀yìn lóhùn,
ó tún ráyè tún gèlè ṣe.
Bó o bá tẹ bọ́tìnnì lásìkò, bí ẹni ń tẹ ẹsẹ̀ máṣìnnì,
tó ò kánjú, tó ò sì sùn,
gbogbo ayé á rọra fà bí oyin,
wàá rí ẹ̀kán òjò lẹ́nu irin
kí àwọn mẹ́fà tó ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà.
Àwọn ọmọ iléèwé tó wà lẹ́yìn mi hó yèè,
gààrí ọ̀kan dà sílẹ̀,
kò tilẹ̀ wolẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà yẹn,
ta ló gbé e lé ọ̀mùtí lọ́wọ́?
Bó o bá wọ yàrá tóóró, á lọ sá sẹ́yìn òpó,
wọ́n á máa nà ọ́, òpó ni wàá máa wò.
Ìlú tó o là já níbẹ̀rẹ̀
lo tún ń là padà nígbà tó bá dé ìdajì,
afárá kan náà, ajá olójú iná kan náà,
bí ẹni tó gbàgbé àpamọ́wọ́ sílé.
Ìyá rẹ̀ kú nínú apá kìíní, a sunkún.
Nínú èyí, ìyá kàn yọ lẹ́nu ọ̀nà,
kò sọ ibi tó ti ń bọ̀,
kò bèèrè ẹni tó sin òun.

Ìyẹn náà, mo lè fara dà á.
Apá kejì ni wọ́n pè é,
kò sì sí àyè fún èkejì. Ìyẹn ni kò gba ọ̀fun mi.
Àbúrò Alábẹ̀bẹ̀ wà nínú ti àkọ́kọ́,
kúkúrú, wọn ò yà á dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀,
Ọ̀nàdípẹ̀ ló máa ń dì í mú
lọ́dún tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá Ṣóretí.
Aago mẹ́rin, a ti bọ́ tímbù lọ́wọ́,
a ti sáré gba ẹ̀yìn àwọn alóbì ní Sábó.
"Gba òsì! Òsì! Ṣé òsì rẹ nìyẹn?"
Dípẹ̀ ò mọ̀ ọ́n gbá. Kó kú ṣáá ni.
Èmi ni mo máa ń padà wá jí i:
bọ́tìnnì kan, kó o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀,
ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí wọ́n máa ṣá ọ lẹ́yìn.

Ìlà kan ṣoṣo ni apá kejì fi dárúkọ àbúrò:
ó ti rìnrìn àjò.
Ìlà kan ni Dípẹ̀ náà fi ránṣẹ́ láti Àgádésì,
oṣù kọkànlá rèé.

Bọ́tìnnì yẹn ṣì wà. Ìka mi ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.
Lálẹ́ àná, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀,
ọ̀kan, méjì, mẹ́ta.
Alábẹ̀bẹ̀ dúró láàrin òjò,
ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.
Ó sì yẹ ẹ́.