Hóró Mọ́kànlá

Inú agolo ìpara ni yẹtí náà wà,
ẹyọ kan ṣoṣo,
òun àti hóró ojú-ológbò mọ́kànlá,
pupa fòò, ìdí wọn dúdú bí kóró iṣin.
Ọ̀rọ̀ Yèyé Ìbíyẹmí, ìyá ìyá àgbà mi,
ẹnu dé ẹnu ló bá dé ọ̀dọ̀ mi:
"Ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò tó bẹ́ẹ̀,
ka hóró sí i lójú."

Iṣu ọdún mẹ́ta ló bá a lọ,
iṣu abẹ́ òkè ní Ìjerò,
àti kíjìpá méjì tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun.
Ará òkè ọya kan ló tà á fún un lójà Ọ̀tùn,
ọkùnrin tí ètè rẹ̀ gbẹ bí èèpo ẹ̀pà.
Ó fi ìka yàwòrán sílẹ̀:
odò kan, iyanrìn tí kò lópin,
ẹranko gíga tó ń ru iyọ̀ bọ̀, tó ń ru wúrà lọ.
Ó ní lọ́hùn-ún, wọ́n ń fi iyọ̀ gba wúrà, wọn ò janpata.
Yèyé rẹ́rìn-ín:
"Èwo nínú méjèèjì la ó fi sebẹ̀?"
Síbẹ̀, ó sanwó.

Ìkejì ńkọ́?
Ìkejì bá ogun lọ.
Òun ni wọ́n fi ra Owólàfẹ́ àbúrò rẹ̀ padà
lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí kò bèèrè orúkọ ẹnikẹ́ni.
Ó ju yẹtí sẹ́nu, ó gé e jẹ, ó mirí.
Eyín ló fi wo iye ọmọ ìyá wa.

Lọ́dún tó kọjá, òjò ń wọlé bá wa.
Mo gbé agolo lọ bá Fámoroti, alágbẹ̀dẹ wúrà ní Adó.
Ó gbé yẹtí lórí òṣùwọ̀n oníbátìrì,
ó gbé e kúrò, ó kó hóró sí i,
ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì.
Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.
Ó wá ní: "Wúrà yìí lè dàgbà ju Adó lọ.
Ta ló mọ ohun tó ti jẹ́ rí?"

Bóyá ẹ̀gbà ọwọ́ ọba kan tí ààfin rẹ̀ ti di òkìtì,
bóyá òrùka ìyàwó kan létí aṣálẹ̀,
bóyá owó orí ẹlòmíràn tí kò dé ilé.
Wúrà kì í kú.
Bí ó bá ti wọ iná,
a jáde láìrántí ẹnikẹ́ni.

Mo tà á.
Páànù ilé wa ń dán, òjò ń pariwo lórí rẹ̀.
Àwọn hóró ni mo mú bọ̀ ní Ìjerò,
mo rì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà.
Mẹ́wàá jẹrà.
Ọ̀kan hù, ó gun ọgbà,
nígbà ọyẹ́ ni èso rẹ̀ là:
ojú pupa, ojú pupa, títí dé ẹnu ọ̀nà,
wọ́n ń wò mí.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n.
Ilẹ̀ ṣú mọ́ mi lọ́wọ́.